Òdòdó Orí Ìwọ́ Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ifọ̀, òdòdó kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí ìyá bàbá mi fẹ́ràn ju ewúrẹ́ wọn lọ. Òdòdó náà máa ń fà gun ọgbà. Òdòdó rẹ̀ funfun báláú, pupa kan a sì yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ kán. Àgbọn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn ará àdúgbò ń gbìn sórí ìwọ́ ọmọ wọn. Ìyá àgbà ní òdòdó ni tòun, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ àbúrò mi ọkùnrin sí. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òdòdó náà wọ́wé, ó ku igi gbígbẹ. Wọ́n ní kí n ro ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ó ti kú ni. Èmi aláṣejù bá gé e kanlẹ̀, mo sun ún mọ́ pàǹtí.

Lọ́jọ́ kejì, ibà gbé àbúrò mi dè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí! Tó bá ti kérora nínú yàrá, mà á sá jáde. Mo ń bu omi mímu lọ rin kùkùté yẹn, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rúwé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù, mo rí i bí orí rẹ̀ ṣe ṣubú sí èjìká ìyá mi. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà.

“Ìyá àgbà, ẹ dákun, èmi ni mo pa á. Mo gé òdòdó ìwọ́ rẹ̀.”

Wọ́n fà mí dìde. “Ìwọ lo wá ń bomi rin kùkùté láti ìjẹta! Ọdọọdún lèmi náà ń gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í rú dáadáa. Ẹ̀yin ọmọdé la ò fẹ́ kẹ́ ẹ fà á tu. Ẹ̀fọn ló jẹ àbúrò ẹ.”

Mi ò gbà wọ́n gbọ́, àní nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ìgbà tí òjò rọ̀ tí kùkùté náà rúwé ni mo tó sùn dáadáa.

Ayé ti yí padà. Ọsibítù lẹ ń bímọ sí, ọ̀pọ̀ yín ò mọ ibi tí ìwọ́ yín wà. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé wa, àmọ́ mo ti gé ẹ̀ka kan wá sí Akútè tí mò ń gbé báyìí, inú ike ọ̀dà ni mo gbìn ín sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Kí n tó gé e lẹ́ẹ̀rùn, mo máa ń kọ́kọ́ fi fóònù pe àbúrò mi tó ń gbé ní Ajùwọ̀n, òun náà ti di bàbá àgbà.

Lọ́dún yìí, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tó pè padà, ó ní òun ń kírun Àsárì lọ́wọ́ ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gé e jàre. Mo wà níbí.”

Mi ò gé e lọ́jọ́ náà.