Mo tú ọ̀já lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nínú bàálù

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin la jọ wọ bàálù wá sí Adó láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè jókòó. Bí bàálù ṣe balẹ̀ báyìí, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Wọ́n ní ká sá jáde.

Kí n tó dìde, Àǹtí ti gbé ọmọ pọ̀n. Ta ni kì í pọn ọmọ tó bá fẹ́ sáré?

Obìnrin tó ń tọ́jú èrò dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n na rọ́bà gígùn kan sí kí èrò lè yọ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀, ẹ gbé e mọ́ àyà. Ìdí àti ẹ̀yìn lẹ máa fi yọ̀ dé ilẹ̀."

Èmi ni Àǹtí kọjú sí: "Ìyàwó, bá mi so ọ̀já yìí kó le."

Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè wo ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kàn na ọwọ́ sí ọ̀já, mo tú u.

Àǹtí ní, "Ìwọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé?"

Mo gbé ọmọ lé e láyà. Ó dì í mú, ó yọ̀ lọ.

Nígbà tí mo bá a nísàlẹ̀, ọmọ ń ké, nǹkan kan ò ṣe é. Àmọ́ bùláòsì Àǹtí ti ya lẹ́yìn, ara rẹ̀ bó. Ibi tí ọmọ ì bá wà nìyẹn.

A ti délé ní Ìyìn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló gbé ọmọ fún kó tó lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àbí kí n jẹ́ kí ọmọ máa sùn láyà mi?