Abẹ́rẹ́ Nídìí Bọ́tìnnì

Ọdún mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkùnrin tó gba ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan nínú ọdún mẹ́fà náà tí kò kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bí ẹ bá rò pé ìkíni yẹn ń dùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ ò tíì gbé ìbínú mì rí. Nítorí pé ara rẹ̀ kéré ni wọ́n ṣe ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà gbàgbé pé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ilé búrẹ́dì ni ibi iṣẹ́ náà. Yàrá gígùn kan ni, páànù ni òrùlé rẹ̀, ààrò ńlá méjì wà lápá kan, tábìlì tí àwọn obìnrin ti ń gé ìyẹ̀fun pípò wà lápá kejì. Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun ló wà láàárín: ọpọ́n irin tó jìn dé èjìká ènìyàn, tí apá irin kan ń yí bírí nínú rẹ̀. Apá irin yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀fun àti ẹran ara. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ní àṣà kan. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lára ògiri, nísàlẹ̀ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ ọpọ́n láti ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́, á jù ú sápò, á sì ké sókè pé, "Ó wà lápò mi." Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Kó wà níbẹ̀." Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lójú ihò rẹ̀, ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́, àní bí èèyàn bá fi orí gbá bọ́tìnnì.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà kú, ọmọ rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Ilé búrẹ́dì mẹ́ta ló jogún, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun ife kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: kíákíá. Òun náà sì ni wọ́n sọ di orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, Ọ̀gá Kíákíá. Ó dúró ní ọjọ́ kan, ó wo bí wọ́n ṣe ń yọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n sì ń ké, ó ní eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, àsìkò ń ṣòfò. Ó pe ajórin wá, ó ní kó jó kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ojú ihò rẹ̀ kó má lè yọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe nílé búrẹ́dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kí ẹnì kan máa dúró ti bọ́tìnnì, kó máa ṣọ́ ọ. Àgbàlagbà méjìlá ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, àwọn tó bí ọmọ, tó ń bá ọmọ wí nílé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó la ẹnu. Ohun tó ń sọ ènìyàn burúkú di ọba nìyẹn, kì í ṣe agbára rẹ̀.

Ọmọ ìyá ni Abẹ́rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá wọn yàtọ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ, ó sì fi iṣẹ́ ilé búrẹ́dì rán an lọ kọ́ ìránṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà nínú ọpọ́n, ẹni tó ń ṣọ́ bọ́tìnnì sì wà nídìí ààrò, nítorí Ọ̀gá Kíákíá fúnra rẹ̀ ló rán an pé kó lọ fa búrẹ́dì jáde. Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó rí ẹ̀rọ tó dúró. Ó ní, "Ta ló pa á?" Kò dúró gbọ́ èsì kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e burú ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tan ẹ̀rọ, pé ó mutí yó. Ọkùnrin tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Ìwé yẹn ló ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi tó bá ti wáṣẹ́, wọ́n á wo apá tó gé, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á mi orí. Títí dòní, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣáà sọ níwájú èèyàn pé òun ló tẹ̀ ẹ́."

Ohun tí Abẹ́rẹ́ fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa iṣẹ́ ìránṣọ tì, ó lọ gba iṣẹ́ nílé búrẹ́dì náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń sá fún iṣẹ́ ìṣọ́ bọ́tìnnì. Òun bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó dúró níbẹ̀ lọ́dún mẹ́fà, ó ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin, ó sì ń retí ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ọwọ́ náà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Búrẹ́dì ilé-ìwé kan gbọ́dọ̀ jáde kí aago mẹ́rin tó lù, okùn àpò ìyẹ̀fun sì já bọ́ sínú ọpọ́n, ó wé mọ́ apá irin, ẹ̀rọ dákú, Abẹ́rẹ́ sì pa á. Bàbá Olómi, àgbàlagbà tó ń wọn omi, rọra ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọ̀gá Kíákíá kò lè mú sùúrù.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín."

Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ọpọ́n dé èjìká, ó fa okùn tagbáratagbára. Okùn kò já. Ó yí mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó sì fún. Ó fà á, kò jáde. Ó tún fà á.

"Ta ló wà nídìí bọ́tìnnì?"

"Èmi ni, sà."

"Má fọwọ́ kàn án o."

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e lé bọ́tìnnì. Àwọn obìnrin tó ń gé ìyẹ̀fun dáwọ́ dúró. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀: kọ́kọ́rọ́ tí ì bá gba Ọ̀gá sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jó o pa.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ má mira, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ rí, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá kọ ọ́ síwèé pé òun ló tẹ̀ ẹ́, ẹ ní ó mutí. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an kí gbogbo ilé gbọ́."

Òógùn bo ojú ọkùnrin náà. Ó wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí.

"Èwo nínú wọn?" ó ní.

Kì í ṣe pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni, kó lè dáhùn bó ṣe yẹ. "Ṣé ti ibí ni, àbí ti ilé búrẹ́dì ìsàlẹ̀? Èyí tó ga yẹn?"

Ẹni tó ṣu ní ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ fi rò pé bí òun ṣe ń rí ọkùnrin yìí lójú àlá, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń rí ẹ̀gbọ́n òun. Àṣé kò tilẹ̀ dá a mọ̀. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú, ìka rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì wọlé dé ìdajì. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ gbé e.

"Abẹ́rẹ́, ọmọ mi," Bàbá Olómi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Tó o bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìlú ló máa bá a kẹ́dùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Kì í ṣe àánú, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Kí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ kí ọkùnrin yìí lórí ibùsùn, kí wọ́n máa sọ pé ó mà ṣe o, ìyẹn ni kò lè fara dà. Inú ń bí i jù láti fún un ní ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

"Ẹ sọ ti gbogbo wọn," ó ní.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn. Èmi ni."

Kíákíá ló sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kó jẹ́wọ́ pé òun ló pa bàbá òun, ì bá jẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ohun tó wá gbọ́, kò sì yàtọ̀ sí pàǹtí létí rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Bàbá Olómi fi ọ̀bẹ gé okùn. Ìyẹ̀fun kò tíì gbẹ lápá Ọ̀gá tó fi lé Abẹ́rẹ́ jáde lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ẹlòmíràn bọ́ sídìí bọ́tìnnì kíákíá. Ẹnikẹ́ni kò kúrò lójú kan.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọ abọ́, ó fi kùkùté apá di abọ́ mú mọ́ àyà.

"O tètè dé."

"Ó sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Níwájú gbogbo ilé. Ó ní òun lòun tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ó rántí mi?"

Abẹ́rẹ́ mú abọ́ náà, ó ń nù ún.

"Ó rántí yín dáadáa. Ó dárúkọ yín."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan tó kù bo ojú, ó bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń payín keke.