Láńre La Máa Ń Rán Síwájú

Èmi ni mo ní kí Láńre kọ́kọ́ kọjá. Kì í ṣe òun ló yan án, kì í sì í ṣe oríkunkun rẹ̀ ló fà á, bí gbogbo àdúgbò wa ní Arámọ̀kọ ṣe gbà á gbọ́ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n má baà tún wá ọgbọ́n yí i po.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbá géèmù lórí fóònù. Ohùn kékeré kan jáde, bí ìgbà tí irin bá kan òkúta. Mo mọ ohùn yẹn: bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ọ rìn bá ṣubú ni géèmù máa ń ké bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ló kú. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kò tíì kú pátá o, bọ̀ọ̀dá. Màá dá a padà."

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀ ń bá ẹni tí ẹ ò rí rí jagun pọ̀ nísinsìnyí. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ọ wọ igbó inú géèmù náà ló máa ń bá ọ pín ẹ̀wà nílé ìwé. Ilé bàbá Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ èmi àti Láńre, la ti ń gbá a. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ó kó ẹrù rẹ̀ láti Ìbàdàn padà sílé, ẹ̀rọ géèmù wà lára ẹrù yẹn, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan tó ta ìdí sẹ́yìn bí ìyàwó onílé. Lọ́sàn-án Sátidé, tí bàbá bá ti tan jẹnẹrétọ̀ láti fi lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́ta á ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, a ò ní mí títí yóò fi lọ aṣọ tán. Mo ti gbàdúrà rí pé kí aṣọ bàbá pọ̀ sí i.

Nínú géèmù náà, èèyàn mẹ́ta ló ń la igbó iwin kọjá. Èmi ni olórí, nítorí ọwọ́ mi ni páàdì tí a fi ń darí géèmù máa ń wà. Èmi ni mo ga jù, kò sí ìdí mìíràn. Bọ́sẹ̀ ni oníṣègùn, òun náà ló sì ń ka Gẹ̀ẹ́sì fún wa, torí Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láńre ni jagunjagun tó gbé asà. Orúkọ wa gan-an la kọ sí wọn lórí. Àmì ọkàn pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí olórí bá purọ́ fún ọ, tàbí tó fi ọ́ sílẹ̀ nínú ewu, àmì rẹ á máa ṣú. Tó bá ṣú tán, o ò ní bá a rìn mọ́. Ti Bọ́sẹ̀ kì í pẹ́ ṣú, àfi kí n fún un lẹ́bùn. Ti Láńre kò ṣú rí.

Mo wá mọ ọgbọ́n kan. Bí a bá dé ibi tí n ò mọ ohun tó wà níwájú, màá kọ́kọ́ séèfù, kí ibi tí a dé má baà sọnù, màá wá rán Láńre lọ. Jagunjagun náà á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀, èyí tí Bọ́sẹ̀ túmọ̀ fún wa pé: "Olórí, mo ti lọ." Ilẹ̀ á gbé e mì. Màá padà síbi tí mo ti séèfù, á tún dìde, á tún lọ. Òun kì í rántí pé òun ti kú. Èmi nìkan ni mo ń rántí. Láńre á sì jókòó tì mí, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí n tiẹ̀ ra bàtà gidi fún òun kí n tó tún pa òun.

Lọ́jọ́ kan ìyá ìyá rẹ̀, arúgbó tó ṣì ń bọ Ògún, wá pè é lọ jẹun. Ó bá wa níbi tí a ti ń pariwo pé Láńre ti kú, Láńre tún ti kú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò wá títí. Ó fi àdá tó mú ti oko bọ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹ má fi ẹnu pa ọmọ alààyè nínú ulé." Nígbà tó lọ tán, mo sín in jẹ, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

Nínú ọlidé ìgbà òjò, Ìyá Láńre ní ká wá bá òun ru iṣu láti oko òun lọ́nà Erìó. Nígbà tí a fi ń bọ̀, tí òun ṣì wà lóko, òjò ti rọ̀ lápá òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́hùn-ún. Odò tí a gbà lọ láàárọ̀ ti pọ́n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi tí wọ́n fi ṣe afárá. Kò sí ẹyẹ kankan tó ké. Bọ́sẹ̀ ní ká padà sóko lọ dúró. Sátidé ni, mo sì ń ronú nípa jẹnẹrétọ̀. Láńre sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ojú mi, bí ẹni tó ń retí kí n tẹ páàdì.

Mo ní, "Jagunjagun, máa lọ níwájú ká wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Olórí, mo ti lọ."

Ó dé àárín. Igi náà yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yí ara padà lórí ẹní. Ẹsẹ̀ Láńre há sáàárín igi àti òkúta, omi bo orí rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ló bẹ́ sómi, tó gbé orí rẹ̀ sókè. Èmi sá. Òtítọ́ ni pé oko ni mo sá lọ láti pe ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ pé oko ni mò ń lọ, mo ti sá jìnnà.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọsibítù, Ìyá Láńre bi wá pé ta ló ní kí ọmọ òun gun igi yẹn. Láńre ló fèsì láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Èmi ni, Màámi. Wọ́n ní kí n dúró, n ò gbọ́." Bọ́sẹ̀ wò mí títí mo fi kọjú sí ògiri. Kò pè wá sí pálọ̀ wọn mọ́, ìgbà tó sì di sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un padà sí Ìbàdàn lọ kàwé.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ. Láńre ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá gáréèjì báyìí. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ odò yẹn láàárín ara wa rí. Géèmù ti yí padà, wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ti dà bí èèyàn gidi. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á lọ síbi tí o bá rán an, ẹsẹ̀ ìwọ tó rán an kì í sì í sábà kan omi.

Lánàá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá fún un. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún oníbàárà kan: bí ọmọ òun ṣe lóríkunkun, àti bí èmi ṣe sáré tí mi ò bojú wẹ̀yìn. "Ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n sin ọmọ," ó ń fi mí han ọkùnrin náà, ó sì bu díẹ̀ nínú iṣu sísè tó gbé wá fún mi. Láńre tẹ orí mọ́ fóònù tó tú palẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gba iṣu. Gbólóhùn kan péré, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ni mo jẹ obìnrin náà ní gbèsè, láti ọdún yẹn wá, ó sì ti ń gbó.