Ọwọ́ Òsì Wúrà

Bí òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra bá ti kan irin gbígbóná, èéfín funfun tín-ín-rín kan máa ń yọ, ó sì máa ń rùn bí oje igi tí wọ́n jù sínú iná. Òórùn yẹn ló gba ilé mi kan ní Ọ̀fà láti oṣù mélòó kan yìí, nítorí tábìlì ìjẹun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá wọ imú mi ni mo máa ń padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi. Irú òórùn bẹ́ẹ̀ ló jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ wa ní ọjọ́ tí wọ́n ba ayé Wúrà jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi àtàǹpàkò ta géèmù lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pínbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ó dà bí tábìlì gígùn tó dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta á, gíláàsì bò ó lójú, bọ́ọ̀lù irin kan sì ń sáré kiri nínú rẹ̀, ó ń kọ lu agogo àti rọ́bà. Bọ́tìnì kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan wà lọ́wọ́ òsì. Bí o bá tẹ̀ wọ́n, apá kékeré méjì nísàlẹ̀ á gbá bọ́ọ̀lù padà sókè kó má baà jábọ́ sínú ihò. Pátákó kan dúró lókè rẹ̀ bí orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí nọ́ńbà aláwọ̀ ọsàn ti ń tàn láti sọ iye tí o gbà.

Kòráà kan, ará Lẹ́bánónì, tó ń ta aṣọ nítòsí ibùdókọ̀ reluwé ló fi í sílẹ̀ fún Dádì nígbà tó ń kó padà sí ìlú rẹ̀, nítorí Dádì ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò. Mọ́mì kò fẹ́ ẹ. Ó ní ilé tíṣà tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ilé tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi rí i pé gíláàsì rẹ̀ dára láti gbé òdòdó lé, bí àwa bá sì fẹ́ ta á, a ó kọ́kọ́ gbé òdòdó Mọ́mì kúrò, a ó ká aṣọ tábìlì rẹ̀, ká tó lè di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ọmọ ìbátan Mọ́mì ni Wúrà. Láti Òjòkú ni wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ wa kó lè lọ sílé ìwé, ẹgbẹ́ ni wá, ẹní kan náà la jọ ń sùn lé. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà yẹn. Wọ́n ń fi rúlà gbá a ní eegun ọwọ́ ní kíláàsì, Mọ́mì sì máa ń so aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà oúnjẹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Olósì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ fi àmì kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, ó ti di olóṣì. Ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀ kì í fìyàtọ̀ sí i, ẹni tó fẹ́ bú u kò sì wá ìyàtọ̀ kankan.

Nínú gbogbo ilé yẹn, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Bí ọwọ́ òsì Wúrà bá ti wà lórí bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ajá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Dípọ̀, ló ni iye tó ga jù lọ. Ẹ̀rọ náà máa ń rántí irú iye bẹ́ẹ̀, á sì máa fi í hàn, bùọ̀dá mi a sì máa fi í han àlejò. Ní ọ̀sán kan nígbà họlidé, Wúrà kọjá iye náà. Bùọ̀dá ti ìdánrawò kwáyà dé, ó bá nọ́ńbà tuntun níbẹ̀.

“Ta ló ta èyí?”

Wúrà na ọwọ́ rẹ̀ sókè, òsì náà ni.

“Irọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe.”

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ ni iná lọ. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rọ kò tàn. Fíúùsì rẹ̀ ti jó, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tó máa ń já kí iná tó pọ̀ jù má baà wọlé. Bùọ̀dá bó wáyà bàbà kan, ó wé e mọ́ fíúùsì náà, ó dá a padà. Ojú mi ló ṣe é. Àwọn nọ́ńbà náà ràn fòò, wọ́n funfun, wọ́n sì ṣókùnkùn. Òórùn yẹn jáde. Mọ́mì sáré wọlé, bùọ̀dá mi sì nawọ́ sí Wúrà, ó ní, “Olósì ni o.” Mọ́mì fi àmì sí abẹ́ rẹ̀.

Mo sọ nípa wáyà. Wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin mọ̀ nípa iná. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi Wúrà sínú ọkọ̀ Òjòkú pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ilé ìwé sì tán fún un síbẹ̀. Ó ń yan gàárì, ó lọ́kọ, ó sìnkú ọkọ. Èmi lọ ka físíìsì ní yunifásítì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí i ní Òjòkú, ó ní ojú òun ti ń pa dé, ó dà bí ẹni pé inú páìpù lòun ti ń wo ayé. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní, “Ká ní mo lè rí nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹnìkan sì gbà pé ọwọ́ mi ló ṣe é.”

Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde nínú yàrá ẹrù Dádì. Wáyà bàbà yẹn ṣì wà lára fíúùsì, ó ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ewé. Kò sẹ́ni tó tún ń ṣe gíláàsì oníná àtijọ́ tó ń tan nọ́ńbà yẹn mọ́, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í to òmíràn rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú iná LED, èyí tó mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé ojú tó ń kú lè rí i. Kì í fẹ́ iná púpọ̀, kì í sì í gbóná rárá. Mo fi èyí yangàn fún Wúrà lórí fóònù.

Ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn pátákó kéékèèké tí mo fẹ́ to iná náà sí, tí mo ní kí wọ́n bá mi ṣe lókè òkun, pẹ́ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí mo jó wọn pọ̀, nọ́ńbà ẹ́ẹ̀tì ń tàn bí òdo, mo tún tú u. Mo ń pe Wúrà. Ó ní, “Mo ṣì ń rí fèrèsé.” Nígbà tó yá, ó ní, “Mo ṣì ń rí ibi tí oòrùn ti ń wọlé.” Lẹ́yìn ìyẹn, gàárì àti òjò nìkan ló ń sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè mọ́. Mo kàn ń jó òjé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tàn. Mo ránṣẹ́ pe Wúrà àti Bùọ̀dá. Ọmọ Wúrà obìnrin fà á lọ́wọ́ wọlé. Bùọ̀dá mi, tó ti di àgbà ìjọ, jókòó sórí àga tímùtímù, awò ojú rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gbé wáyà bàbà náà sórí itan rẹ̀. Ó wò ó, ó ní, “Gbogbo ayé ló ń wé wáyà nígbà yẹn.”

Wúrà fi etí ta ẹ̀rọ náà. Kò wo ibì kankan, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń gbọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù jábọ́ tán, ó na ọwọ́ náà sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Kò gbóná. Ti àtijọ́ máa ń gbóná. Ṣé ó tàn?”

Mo ní ó tàn. Mo ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà náà fún un, ọmọ rẹ̀ náà kà á. Ó mi orí.

“Ẹ̀yin fẹ́ràn mi. Bùọ̀dá, ẹ bá mi kà á.”

Bùọ̀dá mi fọwọ́ kan awò tó wà láyà rẹ̀, ó sì mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

“N ò mú awò mi dání,” ó ní.

Àwọn tíṣà kì í gbá ọmọ ọlọ́wọ́ òsì mọ́, ọmọ ọmọ Wúrà ń fi tirẹ̀ kọ̀wé, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ti yí padà. Àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. N kò pa ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà náà ń tàn ní pálọ̀ mi, àmì àtẹ́lẹwọ́ kan sì wà lórí gíláàsì rẹ̀ tí n kò nù. Ojú pópó lèèyàn ti lè kà á, láìlo awò.