Àga Funfun Nínú Ọkọ̀ Elépo

Lọ́dún tí mo ra ọkọ̀, òwe kan ṣoṣo ni gbogbo Ìkàrẹ́ ń pa fún mi: aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Ìyá tó ń ta gaàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pa á. Àbúrò ọkọ mi pa á lórí fóònù láti Àkúrẹ́, ó tún fi ẹ̀rín tì í. Ohùn kan náà ni mo fi dá gbogbo wọn lóhùn: "Èmi ni elépo. Èmi náà ni mo ni aṣọ àlà. Ta wá ni ẹ ń kìlọ̀ fún?"

Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Ìkàrẹ́ ni mo lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ta epo pupa láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Mo máa ń lọ ra epo lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní Ifira àti ní oko ẹ̀yìn Ọ̀kà, màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, màá gbé e wá sọ́jà. Ẹni tó bá ń ta epo, epo ò ní kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọṣẹ a máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n kì í borí. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ mọ̀ mí dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí mi ní gáréèjì, wọ́n á fa àpò ajílẹ̀ yọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àga kí n tó jókòó.

Ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Àbúrò mi obìnrin ń sọmọ lórúkọ l'Ọ̀kà. Mo wẹ̀, mo wọ léèsì tuntun, mo fín lọ́fínńdà sára. N kò gbé epo kankan dání. Awakọ̀ ṣì fa àpò yọ.

"Ìyá Elépo, ẹ jọ̀ọ́, orí èyí ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún àga mi rán ni."

"Ṣé o rí epo lára mi?"

"N ò rí i o. Ṣùgbọ́n elépo ni elépo ń jẹ́."

Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wojú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró de ọkọ̀ mìíràn. Onítọ̀hún náà tẹ́ àpò. Mo jókòó lé e, torí wọn kì í dá ìsọmọlórúkọ dúró nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Ọ̀kà, mo ti pinnu pé lọ́jọ́ tí mo bá ní ọkọ̀ tèmi, àga rẹ̀ yóò funfun, ẹnikẹ́ni kò sì ní jókòó sórí àpò nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Tòkunbọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ni mo rí rà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n aṣọ àga rẹ̀ ti ya, fóòmù ti ń yọjú. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, bá mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń rán àga ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ó kó awọ sílẹ̀ níwájú wa: dúdú, aláwọ̀ kọfí, aláwọ̀ eérú.

Ó ní, "Màmá, dúdú ló bá iṣẹ́ yín mu. Kò ní fi ìdọ̀tí hàn."

"Bí kò bá fi ìdọ̀tí hàn, ṣé ìdọ̀tí ò sí níbẹ̀ ni?" Mo nawọ́ sí èyí tí wọ́n ká sókè pátápátá, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. "Sọ ìyẹn kalẹ̀ fún mi."

Nígbà tó tú u, ó dà bí iṣu funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ èèpo rẹ̀. Mo fọwọ́ pa á, ara mi balẹ̀.

Ó ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ló máa ń fẹ́ èyí, àwọn náà á sì tún padà wá pé kí n bá àwọn yí i."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n tọ́jú ni."

Ọkọ mi wúkọ́. Mo mọ ikọ́ náà. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n orí kunkun kì í ṣe òmùgọ̀. Mo gba àjákù awọ funfun oríṣi méjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó wọn lọ sílé, mo kán epo sí wọn. Èkíní rọ̀ dáadáa, ó sì dùn ún fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n kò ní ìbòrí lójú. Kíá ló fa epo mu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Èkejì ní nǹkan dídán tí wọ́n fi pa á lójú, epo sì dúró lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò títí mo fi nù ún kúrò. Mo tún dán ọṣẹ wò. Ọṣẹ dúdú bó ìdán ojú rẹ̀. Pẹtiróòlù, tí àwọn awakọ̀ fi ń nu àga, mú un le, ó sì ń sán. Ọṣẹ olómi díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ń bá epo jà lójoojúmọ́ yẹ kó mọ ibi tí agbára epo mọ. Mo padà lọ bá aránga náà, mo ní èkejì ni kó fi rán an.

Nígbà tó parí rẹ̀, inú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n tan iná síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá láti Àrìgìdì láti wò ó. Bí inú bá bí Màmá, èdè Àrìgìdì ló kọ́kọ́ máa ń jáde, Yorùbá á sì tẹ̀ lé e. Ó sọ ti Àrìgìdì tán, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó, bo ọ̀rá mọ́ ọn."

"Rárá, Màmá."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá bo ọ̀rá mọ́ ọn, ọ̀rá ni mo rà."

Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àga funfun kì í fẹ́ ọ̀lẹ. Àárín ọkọ̀ yẹn àti epo, òfin wà: kẹ́ẹ̀gì kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, pikọ́ọ̀pù ni mo ń háyà kó ẹrù. Nígbà ọyẹ́, mo kọ́ pé èèyàn kì í fi aṣọ tútù nu eruku lẹ́ẹ̀kan náà, torí iyanrìn inú rẹ̀ á ha awọ; búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn tí mo bá nù ún, màá fi ìpara awọ díẹ̀ ra á kí oòrùn má baà mú un sán. Jíǹsì tuntun àwọn ọmọ mi a máa yọ búlúù sí i lára. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ìyàwó tuntun kan fẹ́ bá mi lọ sí yídì pẹ̀lú làálì tútù lọ́wọ́. Mo ní kó na ọwọ́ méjèèjì síta láti ojú fèrèsé títí a fi dé ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ síta.

Ohun tí gbogbo wọn ń retí wá ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ń ṣe wòlímọ̀ l'Ọ̀kà, mo sì lọ gbé Màmá ní Àrìgìdì. Ẹ̀yìn ló jókòó, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, ewúrẹ́ kan já sí títì. Mo tẹ búréèkì. Báàgì dojú dé, mo sì gbọ́ òórùn tí n kò lè ṣì gbọ́ láéláé.

"Màmá, kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

Ó ní, "N kò lè lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo."

"Epo lẹ gbé lọ fún ìyá elépo?"

"Kí ni ǹ bá gbé?"

Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Epo ti ń ṣàn lórí àga, ó pupa wẹ̀ẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo tẹ̀ ẹ́ lé epo náà, mo gbé e, mo tún tẹ̀ ẹ́. N kò fi nù ún, torí bí o bá nu epo, ńṣe lò ń fún un ní ilẹ̀ sí i. Mo tọrọ omi nílé kan nítòsí, ọṣẹ olómi sì wà ní búùtù ọkọ̀ mi. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bínú sí mi. Sọ̀rọ̀."

"Màmá, epo ni. Èmi àti ẹ̀ ti mọra tipẹ́."

Ojú awọ mọ́. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n fi rán an ti mu epo, ìlà pípọ́n kan sì kù láàárín àga títí di òní. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá tú ìró òkè rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sórí ibi tó fẹ́ jókòó. Mo ká a kúrò, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó jókòó sórí awọ títí a fi dé ilé.

Aránga ní òun lè fi àwọ̀ kọfí pa gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ìyá àwọn ọmọ, bóyá kó ṣe é bẹ́ẹ̀." Ìyá onígaàrí tún pa òwe rẹ̀. Mo ní ìlà kan kò sọ funfun di dúdú. Èmi ni mo ń wà á, èmi ni mo ń nù ún, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà báyìí, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń ráhùn, mo sì ní màá tà á. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Ugbe láti rà á. Ó wò ó yíká, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó súfèé.

"Màmá, ọkọ̀ yìí wù mí. Àwọn àga yìí ni màá kọ́kọ́ tú dànù. Màá fi dúdú sí i."

Mo na ọwọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Màmá?"

"O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Mi ò tà á mọ́ ni."

Ó rò pé mò ń fẹ́ kó fi owó kún un. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà, mo kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sí àga awakọ̀ nínú ọkọ̀ mi, mo ṣáná sí i, mo sì gba ọ̀nà Ọ̀kà lọ kí ìyá mi.