Àkànní, Wolé-wolé Tó Fún Aya Rẹ̀ ní Ọjọ́ Méje

Yéè! Bàbá Bọ́lá, ó wá di gbéré náà nù un? Àkànní ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde nílé láìdágbére, ẹ̀yin lẹ wá lọ láìwẹ̀yìn! Ikú dá mi lóró o. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Kí ẹnikẹ́ni má baà pa òwe ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́ fún mi, mo ti gbá iwájú ilé, mo ti fọ àmù, mo sì ti ro ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́.

Gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ yín. Láti Tápà títí dé Èrúwà, níbi tí iṣẹ́ ìjọba gbé yín dé, wọn kì í pe orúkọ tí bàbá yín sọ yín. Wolé-wolé ni wọ́n ń pè yín, tayọ̀tayọ̀ lẹ sì fi ń jẹ́ ẹ. Ta ni kò rí yín rí lórí alùpùpù, nínú kakí tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, tẹ̀yin ti tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, tí ẹ fẹ́ lọ wo tanwíji nínú àmù onílé? Bí ẹ bá rí igbó lẹ́yìn ilé, ẹ ó bi onílé bóyá ejò ló fẹ́ máa sìn. Bí ògiri bá ti là, ẹ kò ní yé débẹ̀ títí wọn ó fi tún un mọ tàbí kí wọ́n wó o. Síbẹ̀ ẹ ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà, ẹ ó kí i tilé-toko, kí ẹ tó fa ìwé ìkìlọ̀ lé e lọ́wọ́. Olówó kan fẹ́ fún yín ní àgbò. Ẹ ní kó lọ ta á, kó fi gbẹ́ ṣáláńgá fún àwọn ayálégbé rẹ̀. Ẹ kì í jókòó, ẹ kì í sì í mu omi nílé tí ẹ bá wá yẹ̀ wò. Ẹ máa ń ní, "Bí mo bá mumi wọn tán, ojú á máa tì mí láti sọ̀rọ̀."

Ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe? Gàrí ni mo ń yan. Kò sí ará Ìbàràpá tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá rin ẹ̀gẹ́, tó dì í sápò, tó gbé òkúta lé e, omi ẹ̀gẹ́ yóò jáde níbẹ̀, yóò sì rùn. Tèmi ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé lọ, n kò tilẹ̀ bìkítà ibi tó ń lọ. Lórí oúnjẹ ẹ máa ń sọ pé kí n gbẹ́ kòtò fún un, èmi náà á ní, "Mo ti gbọ́."

Ó ṣe, ẹ fún àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń yan gàrí ládùúgbò wa ní ìwé, pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Ràfíù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ìwé tirẹ̀ fẹ́ra. Ó ní, "Wolé-wolé, ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o! Bí ìyàwó yín bá gbẹ́ tiẹ̀, a ó gbẹ́ tiwa." Gbogbo àdúgbò wá ń wòran.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ mu ẹ̀kọ tán lọ́wọ́ mi, ẹ gun alùpùpù lọ. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ "Àgò onílé o!" níwájú ilé. Mo rò pé ẹ gbàgbé awò ojú yín ni. Mo ní, "Ẹ wọlé kẹ̀! Ṣé ẹ ti dàlejò ni?" Ẹ kò wọlé. Mo bu omi, ẹ kò mu. Ẹ ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé yìí." Èmi tí ẹ ti ń pè ní "ìwọ" láti ọjọ́ ìgbéyàwó! Ẹ kà á sí mi létí: kí n gbẹ́ kòtò, kí n sì dé e, láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó ti ilé tí mo ti ń yan gàrí pa. Àwọn tó kù gba ọ̀sẹ̀ méjì, èmi aya ilé gba ọjọ́ méje! Mo fa ìwé náà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ẹ kò bínú. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ yọ òmíràn. Ọkùnrin yìí mọ̀ mí débi pé méjì ló kọ wá.

Ọjọ́ méje pé, n kò gbẹ́ nǹkan kan. Mo ní n ó wo ọkọ tí yóò tilẹ̀kùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ gbé àgádágodo dé, ẹ tì í pinpin. Ẹ̀gẹ́ mi wà nínú ilé, ọjọ́ ọjà sì ń bọ̀. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá yín nínú agbo ilé. Wọ́n ránṣẹ́ pè yín, wọ́n bi yín pé ṣé iṣẹ́ ìjọba ni yóò máa se ọbẹ̀ fún yín. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, bí mo bá ṣí ti ìyàwó mi, ta ni yóò tún gba ìwé lọ́wọ́ mi nílùú yìí? Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀." Ni wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé.

Ìyá Ràfíù rí àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà mi, kò dúró gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò tirẹ̀, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ọjà kọjá lórí mi. Èyí tó dùn mí jù, Àkànní, ẹ̀bà tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ náà, gàrí Ìyá Ràfíù lẹ rà!

Nígbẹ̀yìn, mo gbé ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ẹ ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ẹ bọ́ kakí, ẹ wọ ṣòkòtò oko, ẹ na ọwọ́ láti gba ọkọ́. Mo ní n kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wolé-wolé. Ẹ ní, "Wolé-wolé ti ṣíwọ́. Àkànní rẹ ló dé yìí." Ẹ sì gbẹ́ ẹ parí. Láti ìgbà náà, omi ẹ̀gẹ́ kò ṣàn ládùúgbò wa mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún lé yín padà pé kí ẹ lọ wo ilé tiyín.

Ṣùgbọ́n olóríkunkun ni mí, ẹ kúkú mọ̀. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje yẹn ni mo máa ń gbé ṣáájú. Mo ní ẹ fi mí ṣẹ̀sín kí ìlú lè yìn yín ni. Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó máa jẹun yín lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí ẹ kú, ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa wá kí mi. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ọkọ rẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti lọ báyìí." Ó ní omi ẹ̀gẹ́ mi ni ewúrẹ́ òun méjì mu tí wọ́n fi kú. Òun kò rí ẹni tí òun lè fẹjọ́ ìyàwó wolé-wolé sùn, lòun fi dákẹ́. Àfi bí ẹ ṣe gba ẹ̀yìn ilé wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Ràfíù sọ̀rọ̀ sí yín, tí ẹ fẹ́ wo ibi tí omi mi ń ṣàn dé, tí ẹ sì bá òkú ewúrẹ́ nílẹ̀. Ẹ ra méjì mìíràn fún un. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Bó bá gbọ́, kò ní lè gbójú sókè wò yín mọ́."

Háà, Àkànní! Gbólóhùn kan péré lẹ̀ bá fi pa mí lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ gbà kí n máa bá yín jà, kí ojú má baà tì mí. Nígbà tí mo gbọ́, inú yín bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí. N kò mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ ṣe. Mo ti lọ kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Tiyín ló kù. Lójú ẹbí, lójú gbogbo Igbó-Ọrà tó ń ka ìwé ìdágbére yìí, èmi Ìyá Bọ́lá tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, mo jẹ̀bi. Ẹ jàre, ọkọ mi. Ẹ sùn re o.