Bàbá Mi Ní Kí Wọ́n Má Tíì Sin Ìyá Mi

Fọ́kànáísà ni bàbá mi. Sàlámì Àrẹ̀mú ni orúkọ wọn. Ìkirun ni wọ́n ti wá sí Aramọkọ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi, Àyìnkẹ́, ló ń bá wọn sọ ọ́. Bí oníbàárà bá ń ráhùn, bàbá mi á tẹjú mọ́ táyà. Ìyá mi ni yóò dáhùn láti ìdí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà: "Gbé e lọ sílé, kí o fi ẹnu fẹ́ ẹ."

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìyá mi ti kú, n kò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ bó ṣe rí fún.

Ọ̀dọ̀ Dókítà Olúfẹ́mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ẹfọ̀n ni wọ́n. Wọ́n kàwé lókè òkun, wọ́n sì kó ẹ̀rọ dé, wọ́n kó o sínú ilé bàbá wọn tó wà létí títì. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ọkọ̀ ìjàpá dúró níwájú àgọ́ wa, wọ́n ní tíúbù lọ́rì mẹ́rin ni àwọn ń wá.

"Lọ́rì wo ni, sà?" bàbá mi bi wọ́n.

"Kì í ṣe lọ́rì. Tábìlì ni."

Bàbá mi wojú ìyá mi.

"Ẹ fún wọn," ni ìyá mi wí. "Bóyá tábìlì wọn fẹ́ lọ sí Adó."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé èmi àti bàbá mi lọ sí Ẹfọ̀n.

Iná tó wà nínú ọkàn ni Dókítà ń wọ̀n. Bí ọkàn bá ń lù, iná díẹ̀ ló ń tì í. Inú ẹyọ kan tó kéré jù lọ lára ẹran ọkàn ni wọ́n ti fẹ́ wọ̀n ọ́n, èyí tí ojú lásán kò rí. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ilẹ̀kùn wà lára awọ rẹ̀, iyọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, ìwọlé-jáde yẹn sì ni iná. Wọ́n á mú ìgò tín-ín-rín kan, tí ẹnu rẹ̀ kéré ju irun lọ, wọ́n á fi kan sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ á fò sókè. Bó bá tì, á padà.

Ṣùgbọ́n orí òkè ni Ẹfọ̀n. Bí lọ́rì onígẹdú bá ń pọ́nkè, ilẹ̀ á gbọ̀n, tábìlì á gbọ̀n, ìgò á já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Ìdí tíúbù nìyẹn. A to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, a gbé òkúta pẹlẹbẹ lé wọn, a gbé ẹ̀rọ lé òkúta. Bàbá mi ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí tíúbù bá le jù, á máa gbọ̀n. Bó bá rọ̀ jù, òkúta á jókòó sílẹ̀. Lọ́rì kan kọjá. Ìlà ojú ẹ̀rọ kò mì.

Afẹ́fẹ́ kì í dúró títí nínú tíúbù. Dókítà ní kí bàbá mi máa bọ̀ láràárọ̀. Bí àgọ́ ṣe di tèmi nìyẹn.

Nígbà tó yá, bàbá mi ló ń tọ́jú àwọn ehoro tí Dókítà ń lò. Láàárọ̀, Dókítà á fún ehoro kan ní oògùn oorun, wọ́n á yọ ọkàn rẹ̀ kíákíá, wọ́n á so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀pá omi. Omi oníyọ̀ ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ sì ń hó nínú rẹ̀. Ehoro ti kú. Ọkàn ń lù. Lẹ́yìn náà wọ́n á da oògùn kan sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tú kúrò lára ara wọn.

Lọ́jọ́ kan Dókítà jẹ́ kí bàbá mi fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìyá mi ń gúnyán nígbà tí wọ́n dé.

"Àyìnkẹ́, ó gùn bí igi ìṣáná. Ó ní ìlà lára bí ẹní. Kò sí ehoro níbẹ̀, kò sí ọkàn, òun nìkan ni. Ó sì ń lù."

"Ó mà dá wà o."

"Ó dá wà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń lù."

Ìyá mi dá ọmọ odó dúró. "Ẹ̀yin náà kì í kúkú bá èèyàn sọ̀rọ̀, Bàbá Mùkáílà. Ẹ̀yin àti ẹ̀ bára yín mu."

Bàbá Isaac, àgbẹ̀ tó múlé tì wá, gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. "Sàlámì, bí ẹ bá ti mú ọkàn ehoro, ta ní ń jẹ itan?"

"Oògùn oorun wà nínú ẹ̀."

"Ẹ gbé e wá sí ulé mi. Ìyàwó mi kì í sùn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́."

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń wú, tí èémí wọn ń já. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n ṣubú nídìí ẹ̀wà. A gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì fi aṣọ bo ojú wọn. A gbé wọn padà sílé.

Láàrin wa, òkú kì í dúró. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, ilẹ̀ ni yóò wà kí wọ́n tó kírun Aláàsárì. Àwọn ìyá wẹ̀ wọ́n, wọ́n di aṣọ funfun mọ́ wọn lára. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àfáà Tìjání ní kí a gbé wọn. Bàbá mi dìde, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má tíì gbé e."

"Ta là ń retí?" ni Àfáà bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni. Ó di ìrọ̀lẹ́."

"Sàlámì, ó ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ehoro náà máa ń kú."

Àwọn èèyàn wojú ara wọn. Èmi nìkan ni ó yé.

"Ọkàn ẹ̀ ò tíì kú tán," ni bàbá mi wí. "N kò lè bo ilẹ̀ mọ́ ohun tó wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú."

"Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ fi ń dù ú yìí," ni Àfáà wí.

Bàbá Isaac dá sí i. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, a lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́ta. Ìrọ̀lẹ́ lásán…" Àfáà wò ó.

Àfáà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ pe dókítà yẹn. Òun ló kó èyí sí bàbá ẹ lórí. Bí àkókò Aláàsárì bá tó, a ó gbé ìyá ẹ kọjá níwájú ẹ̀, ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀."

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹfọ̀n. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń jẹun. Mo sọ ọ́. Wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́.

Nínú ọkọ̀, mo ní, "Ṣé òótọ́ ni, sà? Pé ọkàn wọn ò tíì kú tán?"

Wọ́n ń wo iwájú. "Jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ."

Mo fẹ́ kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Mùkáílà, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ sọ fún wọn, sà. Títí di ìrọ̀lẹ́."

Dókítà wojú wọn. "Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ wa kú lójijì, tí afẹ́fẹ́ kò hó nínú omi mọ́, ẹ̀yin lẹ wà nídìí awò. Kí lẹ rí?"

Bàbá mi fọwọ́ di òpó ẹnu ọ̀nà mú.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì ká jọ. Wọn ò lù mọ́."

"Èwo ló ṣẹ́ kù?"

"Ìkankan ò ṣẹ́ kù."

"Ṣé ó pẹ́?"

"Kò pẹ́. N kò tíì fọ àwo kan tán."

"Àwa là ń mú un dé ìrọ̀lẹ́. Omi wa ni, afẹ́fẹ́ wa ni. Láàárọ̀, bí a bá ti yọ ọ́, kí ló dé tí a fi ń sáré?"

Bàbá mi wo ọwọ́ ara wọn. "Kó má baà kú."

"Ìyá Mùkáílà kò rí omi yẹn. Kí ẹ tó gbé wọn ti ọsibítù dé, ó ti tán."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kò sí ẹyọ kan tó dá wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá."

Bàbá mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

A gbé ìyá mi. A kírun sí wọn lára. Bàbá mi wọ inú ilẹ̀ pẹ̀lú Àfáà, bàbá mi ló gba orí ìyá mi, àwọn ló dojú wọn kọ ìlà-oòrùn. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n jáde. Wọ́n dá gòkè fúnra wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i.

Àwọn èèyàn tú ká. Dókítà padà sí Ẹfọ̀n. Bàbá mi gbé ẹní síta, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú síbi tí a sin ìyá mi sí. Oòrùn ṣì ga. Mo gbé oúnjẹ wá, wọn kò wò ó. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò sún mọ́ wọn.

Wọ́n jókòó títí adìyẹ fi wọlé, títí wọ́n fi tan àtùpà nílé Bàbá Isaac. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú pátápátá, bàbá mi dìde, wọ́n gbọn ẹní.

"Ó yá," ni wọ́n wí.

N kò bi wọ́n pé kí ló yá. Wọ́n wọlé.